Okko Tjaden Tí Wọ́n Sin Láìkú

Inú ọ̀sẹ̀ tí Hinrich Tjaden lò kẹ́yìn láyé ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Arlys, gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń sọ èdè Jámánì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan méjì tí arúgbó lè ṣèèṣì rántí o. Ọ̀rọ̀ gidi ni, tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ. Á sọ tiẹ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á mi orí, á tún sọ òmíràn. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Arlys á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, "Dádì, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Hinrich kì í dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Arlys dá mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, "Vader", nítorí kò jìnnà sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ló ń pè.

Ní Norddorp, ní ìpínlẹ̀ Iowa níbi tí wọ́n ń gbé, kò sí ẹni tí ìran rẹ̀ kò ti ilẹ̀ Jámánì wá. Orúkọ Jámánì ló wà lára àpótí lẹ́tà, òun náà ló wà lára òkúta itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n èdè náà ti kú mọ́ wọn lẹ́nu tipẹ́. Hinrich fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun ní Hinrich. Henry ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tí Arlys wà ní kékeré, bó bá bi í pé kí ni wọ́n ń pe búrẹ́dì lédè àwọn bàbá wọn, ohun tí Hinrich máa ń sọ ni pé, "Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Jẹ tìẹ."

Wọ́n sin ín nínú oṣù kejì ọdún 1987, nígbà tí ilẹ̀ ṣì dì gan-an bí irin. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn ènìyàn ti wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ jẹun, Arlys dá dúró síbi òkúta bàbá Hinrich. Orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀. Ti òkè ni Geske, ọmọdébìnrin tó kú lọ́mọ ọdún méjì. Ti ìsàlẹ̀ ni Okko Tjaden, 1879 sí 1918. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ ìtàn wọn. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú tó jà káàkiri ayé lọ́dún náà ló pa bàbá àti ọmọ nínú oṣù kan náà. Ohun tí Hinrich sọ fún wọn nìyẹn, kò sì fi ohunkóhun kún un rí.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ Arlys lọ́kàn, kì í tètè jáde. Ẹni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta ni, opó ni, ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì ń wà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó lọ bá Pásítọ̀ Buchholz, ó ní òun fẹ́ wo ìwé ìsìnkú ti ọdún 1918. Pásítọ̀ gbé ìwé ńlá kan jáde láti inú àpótí irin. Wọ́n jọ ń ṣí i. Wọ́n rí Geske nínú oṣù kẹwàá. Wọ́n rí àwọn ọmọ Eilers méjì àti obìnrin kan tó kú pẹ̀lú oyún. Wọ́n kà á títí ọdún fi parí, wọ́n ka ọdún tó tẹ̀lé e. Kò sí Okko.

Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Bóyá akọ̀wé gbàgbé ni. Àkókò àìsàn ni, ara ò rọ ẹnikẹ́ni."

"Pásítọ̀, àwọn ènìyàn yìí kọ ẹni tó mú kéèkì wá síbi ìsìnkú sílẹ̀. Ṣé odindi ọkùnrin ni wọ́n máa gbàgbé?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì pa ìwé náà dé.

Arlys kò délé, ọ̀dọ̀ Mina ló gbà lọ. Mina ni àbúrò Hinrich, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ Okko. Ẹni ọdún méjì-dín-lọ́gọ́rin ni, kò ní ọmọ, inú ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ọkà sí ló ń dá gbé. Tíì ló máa ń fún àlejò. Á kọ́kọ́ ju ṣúgà tó dì bí òkúta sínú ife, á da tíì gbígbóná lé e títí yóò fi ta pàrà, á wá rọra fi ṣíbí da wàrà tó ki sí i létí. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

"Àǹtí Mina, mo ti ìdí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Orúkọ Bàbá àgbà kò sí nínú àwọn tí wọ́n sin."

"Orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta."

"Kò sí nínú ìwé."

"Kò sí nínú ìwé, ó wà lára òkúta. Èwo ló le jù nínú méjèèjì? Mu tíì rẹ."

"Ẹ kàn sọ ọjọ́ tó kú fún mi, n kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Mina fi ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. "Ilẹ̀ ti ń ṣú," ló sọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni.

Àbúrò Arlys, Delmar, ló ń dá oko bàbá wọn báyìí. Ọdún kan péré ni Arlys fi jù ú. Inú abà ẹlẹ́dẹ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé wàá jí i dìde ni?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tó sùn sí."

"Tóò. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé kò tó ọ wà, ó kan àwọn òkú."

"Delmar, Dádì ń bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi kú."

Delmar da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ariwo wọn sì bo ohunkóhun tí ì bá fi dáhùn.

Ní kóòtù káúńtì ni ọ̀rọ̀ ti fojú hàn. Arlys ti wo ìwé àwọn tó kú níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé wá bi í bóyá ó fẹ́ wo ti àwọn tí wọ́n kó lọ sílé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú. Arlys fẹ́ sọ pé rárá, pé kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé àwọn. Ó ní kó gbé e wá. Oṣù kẹta ọdún 1920 ló wà: Okko Tjaden, àgbẹ̀, ẹni ogójì ọdún. Ẹni tó mú ẹjọ́ rẹ̀ wá ni Folkert Harms, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Almuth, fọwọ́ sí i. Àwọn ìgbìmọ̀ bi í ní ìbéèrè, kò dáhùn. Wọ́n tún bi í, kò dáhùn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba.

Arlys jókòó sórí àga níbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí òkúta ní ó ti kú, ọkùnrin náà dúró níwájú ìgbìmọ̀ nínú ilé yìí, ó ń wò wọ́n.

Ó padà sọ́dọ̀ Mina. Lọ́tẹ̀ yìí kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn sọ ohun tó rí fún un. Mina dìde, ó gbé omi kaná, ó tún padà wá jókòó láìpo tíì kankan.

"Àwọn ìgbìmọ̀ yẹn kò purọ́," ni Mina wí. "Kò dáhùn lóòótọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Kí ló ṣe é?"

"Ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa wà lójú ogun, wọ́n ń bá Jámánì jà. Gómìnà wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èdè mìíràn níta yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́nà ni o, lórí tẹlifóònù ni o, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Màmá àgbà, ìyá Bàbá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ káàárọ̀ nìkan ló gbọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló ń wò bí adití. Lẹ́yìn náà ni Geske kú."

Ó fi ọwọ́ pa aṣọ tábìlì, bíi pé ó rún.

"A lọ sin ín. Pásítọ̀ ìgbà náà ka gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá àgbà ń fa Bàbá mi láṣọ: 'Okko, kí ló ń sọ? Kí ló ń sọ fún ọmọ mi?' Ó ń bi í ṣáá. Bí wọ́n ṣe fẹ́ da erùpẹ̀ báyìí, Bàbá mi ṣí fìlà, ó gba Àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lédè wa. Ó gbà á sókè. Màmá àgbà ṣe Àmín."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nírọ̀lẹ́, a ń fún wàrà lọ́wọ́, ọkọ̀ wọ àgbàlá wa. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ni. Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Ubben wà níbẹ̀, tó máa ń dúró ti Bàbá mi nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Folkert àbúrò Màmá mi ló gbé garawa ọ̀dà. Ọmọ Jámánì ni gbogbo wọn, Arlys. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àjèjì ló wá. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n rò pé báwọn ò bá ṣe é, àwọn ará ìlú kejì á wá ṣe é fún gbogbo wa.

"Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó fẹnu ko àsíá. Ó kúnlẹ̀, ó fẹnu kò ó. Ó ní ilẹ̀ òun ni, òun fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n wá ní kó búra pé òun kò ní sọ èdè náà mọ́ láéláé. Ó ní, 'Èdè tí mo fi sin ọmọ mi ni. Mi ò lè búra.' Ni wọ́n bá da ọ̀dà yẹ́lò lé e lórí, èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n fi kun irun rẹ̀, wọ́n fi kun irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n kun màlúù tó wà nítòsí rẹ̀. Hinrich sáré jáde, ọmọ ọdún méjìlá ni. Folkert dì í mú kó má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó ṣe ń dì í mú ló ń sunkún, Folkert yìí o."

Mina tún fi ọwọ́ pa aṣọ tábìlì náà.

"Bàbá mi wọlé, ó jókòó. Màmá ń fi kẹrosíìnì nu ojú rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sọ Jámánì, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá bẹ̀ ẹ́, ó pariwo mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ fún un. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n kò yanu. Ìgbà tó yá ni Folkert ní àwọn dókítà á lè tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n mú un lọ. Lẹ́yìn náà Màmá ní kí agbẹ́kùúta fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti Geske. Mo ní, 'Màmá, Bàbá kò kú.' Ó ní, 'Ọkọ tí mo fẹ́ kú lọ́jọ́ tí wọ́n da ọ̀dà lé e. Èyí tí wọ́n gbé lọ, mi ò mọ̀ ọ́n.' Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni n óò sọ fún? Ta ni kò mọ̀ ní Norddorp?"

"Dádì ńkọ́? Ṣé ó lọ wò ó rí?"

"Kò sẹ́ni tó lọ. Màmá kò gbà."

Ìbínú ni Arlys gbé kúrò níbẹ̀. Kò bínú sí Mina, ọmọdé ni Mina nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ló ń bínú sí, ẹni tí ilẹ̀ orí sàréè rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ọkùnrin tó dàgbà di géńdé, tó ní ọkọ̀, tó ní oko, tó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ń ti àwọn aṣiwèrè mọ́, tó sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé àrùn ló pa á. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Delmar lórí tẹlifóònù.

"Ìgbà wo lo fẹ́ lọ síbẹ̀?" ni Delmar bi í.

"Ọ̀la."

"Yìnyín ń bọ̀ lọ́la. N óò fi ọkọ̀ gbé ọ lọ."

Ilé ìwòsàn náà tóbi bí ìlú, bíríkì pupa, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ti ṣófo. Akọ̀wé kan bá wọn wá orúkọ Okko Tjaden rí nínú ìwé. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1951. Ó gbé ibẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ọdún. Arlys ti jẹ́ ìyàwó ilé nígbà tó kú. Akọ̀wé ní oko màlúù ilé ìwòsàn ni Okko ti ṣiṣẹ́, ó sì júwe ilé Wendell Krume fún wọn, ẹni tó ti bójú tó oko náà kó tó fẹ̀yìn tì.

Wendell jẹ́ arúgbó gíga kan tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dárúkọ, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Okko? Okko tèmi?" Ó wo Delmar láti òkè délẹ̀. "Mo rí i. Imú rẹ̀ ni wọ́n gbé sójú ẹ. Ẹ wọlé, ẹ má jẹ́ kí òtútù pa yín."

Inú ilé ìdáná ni wọ́n jókòó sí. Wendell bu kọfí fún wọn.

"Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún wàrà," ló wí. "Ọwọ́ ló fi kọ́ mi, nítorí odi ni. Àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo tètè dé. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú abà. Okko ni. Ó ń bá àwọn màlúù sọ̀rọ̀! Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń bá ọ̀kan wí, ó ń tu òmíràn nínú, ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bá ìyàwó ilé jiyàn. Mo dúró síta títí ó fi sọ̀rọ̀ tán."

"Ṣé ẹ sọ fún dókítà?" Arlys bi í.

"Kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Rárá o. Mo pa á mọ́ra. Èèyàn méjì péré ló mọ̀, èmi àti ọmọ rẹ̀."

"Ọmọ rẹ̀ wo?"

"Henry. Èyí tó máa ń wá."

Arlys gbé ife kọfí sílẹ̀. Delmar tẹjú mọ́ arúgbó náà.

"Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kórè àgbàdo tán. Á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn abà, á wọlé, àwọn méjèèjì á jókòó lórí koríko gbígbẹ, wọ́n á máa sọ èdè wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Henry á nu ojú rẹ̀ kó tó jáde. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, 'Ọ̀gbẹ́ni, bàbá yín kò ya wèrè. Ẹ mú un lọ sílé.' Ó ní lọ́dọọdún lòun ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní bàbá òun ní, 'Bí mo bá délé, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni n óò máa rí wọn. Wọ́n á fẹ́ kí n sọ pé mo ti dárí jì wọ́n. Mi ò tíì lè sọ ọ́. Jẹ́ kí n dúró síbi tí wọn kò ti ní í bi mí.'"

"Ọjà ẹlẹ́dẹ̀," ni Delmar wí. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. "Ó máa ń sọ pé òun ń lọ sọ́jà ẹlẹ́dẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi dání. Mo ti múra, mo ti wọ bàtà, mo dúró ti ọkọ̀. Ó ní rárá. Kò sì ra ẹlẹ́dẹ̀ kankan bọ̀ rí. Mo rò pé... mo rò pé kò fẹ́ràn kí n wà lọ́dọ̀ òun ni."

Ó dìde, ó jáde lọ síbi ọkọ̀. Arlys ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dorí kodò, yìnyín ń bọ́ sí i lẹ́yìn. Arlys mọ̀ pé kò yẹ kóun tẹ̀lé e. Òun náà ń ronú nípa gbogbo ohun tó ti sọ sí bàbá rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ láti àná, ojú sì ń tì í.

"Nígbà tó kú," ni Wendell wí jẹ́jẹ́, "Henry dé. Èmi àti òun la gbẹ́ ilẹ̀. Ìjọba kì í fi orúkọ síbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Ó bi mí bóyá mo lè máa gé koríko ibẹ̀. Mo ń gé e títí eékún mi fi kọ̀."

Ìgbà ìrúwé ni Arlys gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó béèrè kò pọ̀: kí wọ́n jẹ́ kóun tún ọdún tó wà lára òkúta náà ṣe, kí wọ́n sì kọ orúkọ Okko àti ibi tó sùn sí sínú ìwé. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé orúkọ àwọn tó ṣe é wà lára àwọn fèrèsé tí wọ́n fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, pé àwọn ọmọ wọn ṣì ń jókòó síbí. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ báyìí ni Gerd Ubben, ọmọ Ubben olórin, dìde. Arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ni.

"Bàbá mi wà níbẹ̀," ló wí. "Lẹ́yìn náà kò kọrin mọ́. Mo máa ń bi í pé kí ló dé, á ní ọ̀fun ń dun òun. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀." Ó sì jókòó.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Agbẹ́kùúta wá, ó ha ọdún 1918 kúrò, ó gbẹ́ 1951 sí i. Delmar ní òun fẹ́ lọ hú àwọn egungun náà wá sílé. Òun àti Arlys jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Arlys ní ọkùnrin náà ti sọ tẹnu rẹ̀ pé òun kò fẹ́ bọ̀, ta ni àwọn tí wọ́n máa fi tipátipá gbé e. Níkẹyìn Delmar gbà. Ó ní kí agbẹ́kùúta gbẹ́ òkúta mìíràn, kékeré, òun fúnra rẹ̀ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lọ síbi nọ́ńbà náà, ó sì rì í mọ́lẹ̀.

Mina kò sọ nǹkan kan sí gbogbo èyí. Àfi lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá tó pe Arlys pé, "Ṣé ìrìn náà jìn?"

"Wákàtí mẹ́ta ni, Àǹtí."

"Ẹ̀yìn mi á dùn mí. Ẹ wá gbé mi lọ́la."

Wọ́n gbé e lọ. Delmar kó ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀, Mina ní ó ti pọ̀ jù, ṣé ẹyin lòun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí koríko, àwọn nọ́ńbà kéékèèké sì tò lọ títí dé ìdí wáyà tó yí ọgbà náà ká. Wọ́n gbé àga fún un síwájú òkúta náà. Ó kọ́kọ́ di àpò rẹ̀ mú lórí itan rẹ̀. Arlys rò pé ó ń gbàdúrà.

"Bàbá," ni Mina wí, ní Gẹ̀ẹ́sì. "Mina ni. Ẹ má bínú, èdè yẹn ti sọnù lẹ́nu mi, ìwọ̀nba ni mo ní."

Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún un bí ẹni tó ń kí bàbá tó ti àjò dé. Ó ní Màmá àgbà kú nínú oorun, kò jẹ ìrora. Màmá kú nígbà ogun kejì. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn, àwọn ọkùnrin wá a títí, ó kọ̀. Folkert kú, oko rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Abà ńlá jóná, wọ́n ti kọ́ òmíràn, kò dára tó ti yín. Hinrich ti kú, ẹ ó ti rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìyí. Èyí tó ga yìí ni Delmar, àgbẹ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó lágídí. Arlys nìyí, òun ló wá yín kàn. Èmi kò bímọ. Mo fẹ́ ẹnì kan, ó mutí, mo lé e.

Delmar ti ṣí fìlà rẹ̀. Omi ń dà lójú Arlys, kò sì nù ún.

Mina sọ ọ́ títí, ó dárúkọ àwọn tí Arlys kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣí lọ, ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Nígbà tó parí, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú láti fọwọ́ kan orí òkúta náà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Delmar gbé àga náà tòun ti Mina sún mọ́ òkúta náà, Mina sì fọwọ́ kàn án.

"Ó tó," ló wí. "Òtútù ń mú mi."

Wọ́n yà ní ilé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà. Mina béèrè ọbẹ̀ adìyẹ tí wọ́n fi núdùlù sè, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.